Ọkùnrin Tó Sọ Pé Etí Bàbá Mi Ti Gbó

Òórùn òjé tó ń yọ́ lórí iná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ìwọ náà á mọ̀ ọ́n bí o bá ti dúró rí lẹ́nu ọ̀nà àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Race Course, ní Kumasi níbí: òórùn òjé, òórùn eruku tó ti gbóná nínú ẹ̀rọ, àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí obìnrin kan ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Nígbà kan, òórùn yìí kò jẹ́ nǹkan kan lójú mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, bí mo bá ti gbọ́ ọ, eyín mi á pa pọ̀, mo sì ní láti rán ara mi létí pé aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù ni mí, n kì í ṣe ọmọ ìta. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí. N kò ní ṣe ojú ayé, nítorí o ti mọ̀ mí tipẹ́.

Bàbá mi ti wá sí Kumasi láti Ìlọrin kí a tó bí èmi. Alfa ni wọ́n, ìdajì àwọn ọmọ Mùsùlùmí tó dàgbà ládùúgbò wa ní Santasi ló sì kéú lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí fi máa ṣẹlẹ̀, ojú wọn ti ṣú pátápátá. Wàláà ṣì wà lára ògiri, ìgò tàdáà tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ṣì wà lójú fèrèsé, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìwé kà mọ́. Ohun tó kù tó ń mú inú wọn dùn ni sípíkà méjì tí wọ́n rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń ṣòwò gẹdú, nígbà tí òyìnbó náà ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun àsárì, Bàbá á ní kí n fi kásẹ́ẹ̀tì ìyá mi sínú rédíò tí a so mọ́ sípíkà náà. Ìyá mi ti lọ. Nígbà ayé wọn, wọ́n máa ń kọ wáákà níbi wọ́límọ̀ àwọn ọmọ kéú, Bàbá sì ti gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe orin náà gan-an ni Bàbá ń dúró dè. Kí ìyá mi tó gbé ohùn sókè, wọ́n máa ń fa èémí kan, kékeré, bí ẹni tó fẹ́ gbé omi karí. Tí kásẹ́ẹ̀tì bá ti dé ibẹ̀, Bàbá á gbé ìka kan sókè, wọ́n á ní, "Gbọ́." Lẹ́yìn náà, orin lè máa lọ bó bá ṣe wù ú.

Nígbà tí ọ̀kan nínú sípíkà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, mo gbé méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Race Course. Kì í ṣe pé ó mọṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Yorùbá ni, ìdí kan ṣoṣo tó mú mi lọ nìyẹn. Ó pè mí ní ọmọ ìyá, ó kí Bàbá láti orí fóònù, ó fún mi ní àga. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo gbé sípíkà padà sílé, kò kùn mọ́. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì sí i. Bàbá gbọ́ ọ títí, ìka wọn kò gòkè. Wọ́n ní, "Ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò mí mọ́." Mo pe ọkùnrin náà, ó sì rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, sípíkà yín kò ní nǹkan kan. Etí Bàbá ló ti gbó. Ẹ bá mi kí wọn o." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ kan èjìká Bàbá, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, etí yín ló ti ń dàgbà." Wọ́n ní, "Ó dáa." Láti ọjọ́ náà, wọn kò béèrè kásẹ́ẹ̀tì mọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kòkòrò ti jẹ aṣọ iwájú sípíkà, mo sì ní kí n rán tuntun sí i. Nígbà tí mo tú u, ohun tí mo rí nínú rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Mo mọ tiwa dáadáa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìka èmi gan-an ni mo fi lu bébà dúdú rìbìtì tó máa ń gbọ̀n láàárín sípíkà, tó fi ya. Bàbá kò nà mí. Wọ́n tú sípíkà náà, èmi mú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n gé bébà pẹlẹbẹ tí ewé tíì máa ń wà nínú rẹ̀, wọ́n fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ibi tó ya. Nítorí pé funfun bébà náà hàn, wọ́n mú tàdáà wàláà, wọ́n fi kùn ún kó lè dúdú. Ìyá mi fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Alfa, ṣé hàntú lẹ ń kọ fún sípíkà ni? Ta ló máa fọ̀ ọ́ mu?" Lọ́dọọdún ni tàdáà náà ń ṣá, títí ó fi dà bí àwọ̀ obì. Sípíkà tí ọkùnrin yìí fi sínú àpótí wa fúyẹ́ bí páálí bisikíìtì, òòfà ẹ̀yìn rẹ̀ kò ju ìdérí ìgò lọ, kò sì sí ojú ìlẹ̀ kankan lára rẹ̀. Ó ti yọ ti Bàbá mi, ó ti kó yẹpẹrẹ sí i.

Mo gbé e padà lọ bá a lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, gbogbo ọmọ ìyá ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ? Ìwọ tó ń rán yunifọ́ọ̀mù, kí lo mọ̀ nípa sípíkà? Àbí etí bàbá rẹ lo fẹ́ fi mú mi?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé n kò rántí mẹ́nu kan ibi tí Bàbá lẹ̀, Ọlọ́run ló sì yọ mí, nítorí ká ní mo sọ ọ́ ni, ì bá ti jó o níná lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo jókòó sínú trotro tó ń lọ Santasi, àpótí méjì lórí itan mi, mo sì búra pé ọkùnrin yìí á jẹ iyán rẹ̀ níṣu.

Ẹni tó mú mi wọ ẹgbẹ́ náà ni olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ará Aṣáńtì, tó gbé ṣòkòtò wá pé kí n bá wọn gé e kúrú. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń gégùn-ún lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n béèrè ẹni tó ṣẹ̀ mí, mo sì rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ní àwọn kan wà lórí fóònù tí wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn ju kí wọ́n máa kan àpótí sípíkà, kí wọ́n máa tún èyí tó bàjẹ́ ṣe, kí wọ́n sì máa jiyàn lórí rẹ̀. Olùkọ́ náà fúnra wọn ni olórí ẹgbẹ́ náà. N kò wá ayọ̀ lọ síbẹ̀ o. Ọ̀bẹ ni mo wá pọ́n. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọkùnrin yẹn mọ̀, kí n lè fi bá a jà. Oníkálùkù ló ní orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀. Mo pe ara mi ní Abẹ́rẹ́, mo sì rò pé ìwọ náà mọ ohun tí mo ní lọ́kàn.

Òfin ẹgbẹ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ: a kì í yin àpótí tí a kò rí inú rẹ̀. Bí tìrẹ dán bí dígí, ẹnì kan á kọ ọ́ síbẹ̀ ní Twi pé, "Bue mu na yɛnhwɛ," ìyẹn ni pé ṣí i, ká wò ó. Gbogbo ẹgbẹ́ á sì máa tún un kọ títí wàá fi tú u, tí wàá ya òòfà àti wáyà rẹ̀ láwòrán, iwájú àti ẹ̀yìn. Nígbà tí mo ṣí tèmi, n kò rí irú rẹ̀ rí, pé àwọn ẹni tí n kò mọ̀ rí máa bá mi bínú tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan láti Takoradi ṣépè tí n kò lè tún sọ. Káfíńtà kan tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí wa ní Santasi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi òwú tẹ́ inú àpótí. Olùkọ́ wa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jó òjé so wáyà pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo jó ọwọ́ mi kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe, gbogbo ìgbà tí òjé bá sì ń yọ́, ojú ọkùnrin Race Course yẹn ni mo ń rí nínú rẹ̀.

Àmọ́, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé aránṣọ ni mí, gbogbo àpótí tó wà níhòòhò ní Kumasi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wá fún mi. Mo ń rán aṣọ iwájú rẹ̀, wọ́n ń pọ́n mi lé bí ìyàwó tuntun. Ní ọ̀sán Sátidé, a jọ máa ń gbọ́ ohun kan náà, kálukú nílé rẹ̀, a ó sì kọ ohun tí etí wa mú. Ó lè jẹ́ òjò lórí páànù. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń gún fùfú. Mo rántí ọjọ́ fùfú yẹn dáadáa, nítorí nọ́ọ̀sì ní òun gbọ́ ọmọ odó nìkan, káfíńtà ní òun gbọ́ ọwọ́ obìnrin tó ń yí i nínú odó, olùkọ́ wa sì ní àwọn gbọ́ pé obìnrin náà wọ ẹ̀gbà ọwọ́. A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó gba ohùn náà sílẹ̀ ní lóòótọ́ ni, ìyá òun kò bọ́ ẹ̀gbà. Mo dá rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù débi pé oníbàárà kan bi mí bóyá wọ́n ń wá mi fẹ́. Inú mi ti ń dùn, àní mo tiẹ̀ ń bínú sí ara mi pé inú mi ń dùn nígbà tí n kò tíì gbẹ̀san.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí òjò ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ dáadáa, mo bi olùkọ́ wa léèrè bóyá sípíkà lè mú orin jáde kó sì gbé èémí mì. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe gan-an, pé sípíkà yẹpẹrẹ a máa pariwo, àmọ́ ohun tó bá kéré kì í kọjá nínú rẹ̀. "Etí bàbá rẹ sàn ju tèmi lọ." Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn. Ó yẹ kí n dìde lójú ẹsẹ̀, kí n lọ bá Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n jókòó sí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. N kò lọ. Ojú ń tì mí, ìyẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ni pé mo fẹ́ kọ́kọ́ fi ojú olè náà gbolẹ̀, kí n gba sípíkà wa, kí n wá kó gbogbo rẹ̀ lé Bàbá lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní kí wọ́n dúró díẹ̀ sí i. N kò sọ fún wọn pé ohun kan wà tí wọ́n ń dúró dè.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ọba Ohùn wọ ẹgbẹ́ wa. Ó fi àwòrán àpótí méjì ránṣẹ́, igi rẹ̀ ń dán, ó ń fọ́nnu. Mo rí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé lẹ́yìn àpótí náà, mo sì mọ̀ ọ́n: ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin Race Course ni. Àwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ orin wọn: bue mu, bue mu. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyìn ti wọ̀ ọ́ lórí. Ó ṣí i, ó ya ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wà níbẹ̀, láàárín irin ẹ̀yìn sípíkà apá òsì, ojú ìlẹ̀ kékeré kan, àwọ̀ obì, kò ju ìka ọmọdé lọ. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Mo kọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ dára, kí ni ohun pupa tó wà lẹ́yìn yẹn? Ó dáhùn pé òun ló fi ọwọ́ ara òun lẹ̀ ẹ́, pé gúlúù pàtàkì kan ni, tí wọ́n ń kó wá láti ìlú òyìnbó, tí iná kò ràn, tí omi kò wọ̀. Mo ní háà, ọ̀gá ni yín o, ẹ gbé e wá síbi ìpàdé wa lọ́dọ̀ káfíńtà ní Sátidé tó ń bọ̀, èmi á rán aṣọ sí i fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Olùkọ́ wa nìkan ni mo sọ fún. Mo kọ ohun tí a máa bá lábẹ́ ojú ìlẹ̀ náà sínú ìwé, mo pa á pọ̀, mo fi í sí wọn lọ́wọ́.

Ó dé ní ọ̀sán Sátidé náà, ó wọ aṣọ àlejò, ó jókòó láàárín wa lórí pákó bí ọkọ ìyàwó. Èmi wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ní kí Abẹ́rẹ́ wá wọn àpótí, mo jáde pẹ̀lú téèpù lọ́rùn mi. O ì bá rí ojú rẹ̀! Mo kí i tẹ̀rín tẹ̀rín. Mo ní kó tún sọ ti gúlúù náà fún àwọn tí kò gbọ́. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó tún un sọ. Káfíńtà tú sípíkà náà jáde, mo bu omi sínú ife, mo ki òwú bọ̀ ọ́, mo fi nu ojú ìlẹ̀ náà jẹ́jẹ́. Òwú náà pọ́n bí obì lójú gbogbo èèyàn. Mo tún nu ún, bébà tíì sì hàn kedere pẹ̀lú ihò wínníwínní ara rẹ̀. Olùkọ́ wa tú ìwé wọn, wọ́n kà á sókè: tàdáà alfa ni, omi ló ń fọ̀ ọ́, bébà tíì ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọkùnrin náà wá rántí Yorùbá. Ó sún mọ́ mi, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ìyá ni wá. Ẹ má jẹ́ ká tú ara wa síta lójú àwọn ará ibí. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́ nílé." Èdè tó fi tàn mí wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló tún fẹ́ fi bo ara rẹ̀. N kò fi Yorùbá dá a lóhùn. Mo fi Twi pariwo rẹ̀ kí ẹni tó ń kọjá lójú títì lè gbọ́: "Ɛyɛ me papa dea! Wowiaeɛ!" Bàbá mi ló ni í, o jí i ni! Ariwo sọ. Káfíńtà yọ ìkejì, ó kó méjèèjì fún mi, ó sì gbé àpótí òfìfo lé e lọ́wọ́. Pẹ̀lú ihò méjèèjì yẹn ló fi rìn dé ibi tí wọ́n ti ń wọ trotro. Nọ́ọ̀sì kò sí níbẹ̀, àmọ́ ẹnì kan fi fídíò ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, ó sì wò ó, Race Course náà wò ó. Èmi gan-an wò ó títí fóònù mi fi gbóná. Àwọn àgbà ní ìbínú kò da nǹkan. Tèmi da nǹkan lọ́jọ́ yẹn, mo sì gbádùn rẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ oyin.

Mo fi ọwọ́ ara mi jó òjé rẹ̀ padà sínú àpótí Bàbá. Lẹ́yìn ìrun àsárì, mo fi kásẹ́ẹ̀tì sí i láìsọ nǹkan kan. Ariwo kásẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ dún, ariwo àwọn èèyàn wọ́límọ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìyá mi fa èémí. Ìka Bàbá gòkè. Wọn kò lè sọ "Gbọ́." Omi ń bọ́ lójú tí kò ríran. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo dá a padà fún wọn. Ìgbà náà ni mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn mi. Mo ṣe ohùn ọkùnrin náà fún wọn, mo ṣe bó ṣe gbé àpótí oníhò, mo sọ ohun tí olùkọ́ wa sọ nípa etí wọn, mo ń fọwọ́ gbá ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìgbà wo ni olùkọ́ yín sọ fún ọ pé etí mi kò gbó?"

Mo rò ó, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu mi. Mo ní, "Ìgbà òjò ni, Bàbá."

Wọ́n gbé tẹ̀sùbáà lé orí itan. "Láti ìgbà òjò títí di ọyẹ́ yìí, mo jókòó síbí, mò ń rò pé ìyá yín ti ń kúrò lọ́kàn mi. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé ó ti gba ojú, kó má gba ohùn rẹ̀ mọ́ ọn. O sì mọ̀." Wọn kò jágbe mọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo dì mọ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ lé mi lórí nígbà tó yá, ṣùgbọ́n kì í ṣe kíákíá.

Ẹgbẹ́ náà ṣì wà, ó tiẹ̀ ti tóbi sí i. Bàbá ló ń dájọ́ wa ní ọ̀sán Sátidé báyìí. Mo máa ń gbé fóònù sẹ́nu wọn, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n gbọ́, olùkọ́ wa á sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń pè wọ́n ní Agya, ìyẹn bàbá ní Twi, káfíńtà sì ti kan àga tuntun fún wọn nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n. Ní ti ọkùnrin Race Course, n kò tíì dárí jì í, má sì bẹ̀ mí. Tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá tí mo rí i pé wọ́n ti ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn pa, inú mi ń dùn títí mo fi ń dé Asafo. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi gba èémí ìyá mi lọ́wọ́ Bàbá. Láti òjò dé ọyẹ́, èmi ni mo dì í mú, nítorí pé ọ̀bẹ mi kò tíì mú tó. Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ̀ wá, mo ṣì máa ń lọ pọ́n ọ̀bẹ, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo máa ń jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga káfíńtà, mo sì máa ń sọ ohun tí mo mọ̀ fún Bàbá.